Kóòtù Kúnlé

Ìyàwó àbúrò mi fẹ́ dá wàhálà sí mi lọ́rùn lónìí!

Ó bá mi ní bus stop Princess Road nílùú òyìnbó níbí, ó yọ kóòtù Kúnlé nínú báàgì. Kúnlé, àbúrò mi kan ṣoṣo, tó kú lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ̀ ọ́."

"Àgbà kì í jogún àbúrò."

"Ta ló ní ẹ jogún? Ṣé ẹ ò rí bí ẹ ṣe ń gbọ̀n nínú òtútù yìí ni? Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, charity shop tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù ló ń lọ lọ́la."

Mo wọ̀ ọ́. Ọrùn kóòtù náà ṣì ń ta òórùn Kúnlé.

Láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò lè jókòó. Mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́.

Mi ò gbọdọ̀ jogún rẹ̀, àmọ́ ṣé kí àjèjì wá máa wọ̀ ọ́ kiri?

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ì bá ṣe?