Èérí Gbígbóná Tí A Fún Àdùnní

Ní àdúgbò wa l'Ágége, òórùn búrẹ́dì ló máa ń jí ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú ọgbà tiwa, ó máa ń pàdé òórùn ìgbẹ́ màlúù àti ti èérí ògì tó ti kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá jọ wọ yàrá bí àlejò tó ti mọ ilé. Ẹni tí kò mọ̀ wá á bo imú. Ní tèmi, òun ni mo fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run tún ti fún mi ní ọjọ́ kan sí i.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ l'Óregun, àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ọlọ́mọ yóò máa bá wọn wà, èmi ra màlúù. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ṣe ògì tà kí n tó fẹ́ ẹ, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní bí wàrà bá ṣáà ti wà, òun mọ ohun tí òun yóò fi ṣe. Àdùnní ni ìyá gbogbo wọn. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì máa ń kí i láràárọ̀ kó tó kí mi.

Ojúrere ló kó àìsàn ran Àdùnní. Búrẹ́dì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ lọ́wọ́ alábúrẹ́dì àdúgbò wa, ó fi àpò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, Àdùnní sì jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ àsè. Kó tó di ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ ti dàrú, ìgbẹ́ rẹ̀ di omi, wàrà gbẹ, kò sì jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé màlúù tí kò bá pọ oúnjẹ padà sẹ́nu kó tún un rún ti ń múra ìrìn àjò.

Alápatà tó jẹ́ aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Á dúró lẹ́nu ọgbà, á wo Àdùnní láti orí dé ìrù, á ní kí a má jẹ́ kó di òkúǹbete, nítorí Mùsùlùmí kan kò ní fọwọ́ kan ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tó fi dùn wá. A fẹnu kò sí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: bí kò bá sàn kó tó dìgbà náà, kó mú okùn rẹ̀ wá. Ìyàwó mi kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Dókítà ẹran tó ń bá wa tọ́jú wọn, ọmọbìnrin kan tó kéré sí àbígbẹ̀yìn wa, gbé ìyẹ̀fun kan wá. Ó ní kì í ṣe oògùn, pé àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń gbé inú ikùn màlúù tó bá ní ìlera, tó ń bá a da oúnjẹ. Búrẹ́dì ti tú ilé wọn ká, òun fẹ́ kó àwọn mìíràn wọlé. Kí a máa pò ó mọ́ èérí rẹ̀, kí a má sì fún un ní ohun mìíràn ju koríko lọ.

Ìyàwó mi gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Láràárọ̀ á gbé omi kaná, á ro èérí bí ẹni ń ro ẹ̀kọ fún ọlọ́mọ tuntun, á da ìyẹ̀fun sí i, á dé e pa kí ooru má bàa jáde. Nílé tiwa, aláìsàn kì í jẹ tútù. Bí a ṣe tọ́ gbogbo ọmọ wa nìyẹn, kò sì sí èyí tí ẹ̀kọ gbígbóná kò gbé dìde nínú wọn. Ṣùgbọ́n Àdùnní kò gbádùn, Jímọ̀ sì ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà yà wá wò, ó bá ìyàwó mi níbi tó ti ń gbé basíà èérí náà lọ. Ó ní kí òun bá a gbé e. Ó fọwọ́ kàn án, ó fà á padà kíá.

“Mọ́mì, ẹ ti sè wọ́n.”

“Ta ni mo sè?”

“Àwọn tí mo ní wọ́n wà láàyè.”

Ìyàwó mi wo basíà, ó wo èmi, àfi bí ẹni pé èmi ni mo dáná. “Èmi tí mo ń ṣe ògì láti kékeré,” ó ní, “ṣé mo gbé e kaná rí kó tó kan?” Ló bá jókòó sórí àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà náà kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó jókòó tì í, ó ń sọ láàárín ẹ̀rín pé òun ni kò ṣàlàyé tó. Láti ọjọ́ náà, omi tútù la fi ń po èérí Àdùnní.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, alápatà dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, okùn wà léjìká rẹ̀. Àdùnní wà ní ìdùbúlẹ̀, mo rò pé ó ti parí. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn ni mo rí àgbọ̀n rẹ̀: ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ìyá àgbà tó ń jẹ obì. Àpọ̀jẹ ló ń jẹ. Alápatà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, torí ó mọ ojú ẹran tó ń kú. Ó sọ okùn kalẹ̀.

“Àlàájì, ọwọ́ òfo lẹ dá mi padà yìí.”

Ìyàwó mi fèsì kí n tó yanu: “Ṣe sùúrù. Bí wàrà bá dé, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ mu, kí ẹnu rẹ lè gbàgbé ẹran rẹ̀.”

Kò purọ́. Kò pẹ́ tí wàrà fi ń rú fófòó nínú igbá. Alápatà mu ún, ó nu irùngbọ̀n, ó tún na igbá síwájú.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Àdùnní ju ẹni tó ń dáná fún un lọ, síbẹ̀ iná yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á lé alápatà lọ́wọ́. Ní báyìí, bí ọmọ kan bá pè wá lórí fóònù pé nǹkan le, tí mo sì ti ń kó gbogbo ìmọ̀ràn gbígbóná tí mo ní jọ láti dà lé e lórí, ìyàwó mi á gbé ọwọ́ lé mi lápá, á ní kí n jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná. Ẹ̀rín á pa àwa méjèèjì, ọmọ tó wà lórí fóònù á sì máa béèrè pé kí ló dé.