Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Kẹ̀kẹ́ Oníná

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Làmídì ní Ìyànà Ìpájà láti wá kọ́ṣẹ́ rẹ́wáyà, ẹsẹ̀ mi ló wò, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Sílípáàsì ni mo wọ̀, okùn ọ̀kan ti já, mo fi ìṣó há a. Ọ̀gá ní, "Pa dà sílé. Ọjọ́ tóo bá rí bàtà onírọ́bà wọ̀ ni kóo wá." Mo rò pé torí mo jẹ́ obìnrin ló ṣe ń wá ọ̀nà láti lé mi. Mo bínú títí mo fi délé. Ìyá mi ló bá mi ra bàtà òjò dúdú kan ní ìdí òkìrìkà. Ó tóbi jù mí lọ, àmọ́ nígbà tí mo wọ̀ ọ́ pa dà lọ, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iná ò mọ ọmọ ẹnì kankan. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán dúró níbi iṣẹ́ mi."

Rẹ́wáyà ni wọ́n ń pe àwa tí à ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Tí iná iwájú ò bá tàn, tí hóònù ò bá dún, tí bátìrì bá ń kú láràárọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àfi ohun méjì tó ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́. Èkíní ni bàtà yẹn. Èkejì ni pé kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ohunkóhun kí a tó dì í mú. Bí iná bá wà lára rẹ̀, tàbí tó bá gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ á sá sẹ́yìn fúnra rẹ̀, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ lè dì mọ́ ọn pátápátá. Mo gba ẹ̀kọ́ méjèèjì. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, iná ò gbé mi ṣánlẹ̀ rí. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn, mi ò sì rí ẹni tó máa ní kí n má yangàn, jàre.

Lẹ́yìn tí mo gba fíríídọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìdímù. Iná ọkọ̀ nìkan ni mò ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí owó epo wá di ohun tí ẹnu ò gbà sọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ̀kẹ́ wá pé kí n bá àwọn sọ ọ́ di oníná. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní tiẹ̀. Ojú fóònù ni mo ti wò ó, mo sì ba díẹ̀ jẹ́ kó tó yé mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo so wáyà rẹ̀ lódì. Bí tíṣà tó ni ín ṣe jókòó lé e tó yí ọwọ́ báyìí, ẹ̀yìn ló gbé e lọ, ó di inú gọ́tà. Ó jáde tòun ti ìwé àwọn ọmọ iléèwé lábíyá, ó ní, "Ìyá Dàmọ́lá, ṣé bó ṣe yẹ kó máa lọ nìyí?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún un so. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ́ ọn débi pé wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ wá láti Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún. Wọn kì í béèrè orúkọ mi, "obìnrin oníbàtà òjò" ni wọ́n ń béèrè.

Nínú gbogbo kẹ̀kẹ́ tí mo ti ṣe, ọ̀kan ló ṣì ń dùn mí.

Alàgbà Oyèdélé ló gbé e wá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Ẹgàn ni wọ́n ń gbé, àwọn sì ni alágogo ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìgàndò. Ohun tí wọ́n gbé wá kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gan-an. Sìkútà ni, irú èyí tí kò ní pẹ́dà, tó ní táyà ńlá méjì àti irin pẹlẹbẹ láàárín. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀ kan lé irin yẹn, á máa fi èkejì ti ilẹ̀. Inú ẹrù òkèrè ni wọ́n ti rí i rà.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé kó má baà máa rẹ̀ yín lẹ ṣe fẹ́ iná?"

"Rárá o. Kí ẹsẹ̀ mi má baà kan ilẹ̀ ni."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà. Egbò kékeré tó bá ti wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó lè lo oṣù mẹ́ta kó má jinná. Dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, torí òkúta kan tàbí ìṣó kan lè di ohun tí wọ́n máa gé ẹsẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ sùtánà rìn láti Ẹgàn lọ lu agogo.

Èmi tí mo fẹ́ràn láti máa tún ayé ẹlòmíràn tò, mo ní, "Ẹ ṣáà fi sùtánà sínú báàgì, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀."

Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ìyá Dàmọ́lá, ilé ni mo ti ń wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí mo ti di ọmọ ìjọ. Àdúrà ni mò ń gbà lọ lójú ọ̀nà yẹn. Tí mi ò bá lè lọ bó ṣe yẹ mọ́, kí wọ́n gba agogo lọ́wọ́ mi."

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí. Bàtà wa máa ń dún kó-kó-kó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi tán, àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n fi sìkútà sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Mo yọ táyà ẹ̀yìn, mo fi èyí tí ẹ́ńjìnnì kékeré wà nínú rẹ̀ rọ́pò. Mo ní kí wẹ́dà jó àga mọ́ ọn, kí wọ́n lè máa jókòó, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin àárín. Abẹ́ irin yẹn ni mo to bátìrì sí. Ó wá ku kọntúrólà, àpótí kékeré tó ń pín iná láti inú bátìrì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Nǹkan yẹn máa ń gbóná, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó. Mo fi bóòtù dè é mọ́ abẹ́ irin ìtẹ̀sẹ̀ pinpin, kí irin lè máa fa ooru náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ò ní rí nǹkan bù kù níbẹ̀.

Nígbà tí mo parí, mo gùn ún láti Ìdímù dé Ìkọ̀tún, mo gùn ún pa dà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, mo kan bátìrì, mo kan gbogbo wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí irin ìtẹ̀sẹ̀ nìkan ni mi ò kàn. Ta ló ń fọwọ́ kan ibi tí èèyàn ń tẹ̀? Bàtà òjò mi ló wà níbẹ̀ látàárọ̀.

Ọjọ́rú ni Alàgbà wá gbé e, ọjọ́ ìsìn ni, wọ́n ti wọ sùtánà. Ìyàwó wọn, Ìyá Mojí, bá wọn wá. Wọ́n ká etí aṣọ funfun náà sábẹ́ ìdí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin, wọ́n yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbéra. Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. Mo rí ẹsẹ̀ wọn lásán lórí irin yẹn. Mo rí i kedere, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Mojí sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Òun nìkan ni, àti sìkútà yẹn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan wà. Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ fi ṣe ọkọ mi."

Ó ní nílé ìsìn lánàá, nígbà tí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, arákùnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn Alàgbà ló rí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Awọ rẹ̀ ti bó, omi ń jáde níbẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù láti inú ìsìn. Dókítà ní iná ló jó wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Mo ní, "Wọn ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

"Kò mọ̀ ọ́n! Ó ti pẹ́ tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò ti mọ nǹkan lára mọ́. Àtọ̀gbẹ ti pa á." Ó wá wò mí lójú, kò ṣe "ẹ" fún mi mọ́. "Ṣé o béèrè?"

Mi ò béèrè. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo bọ́ bàtà mi. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò bọ́ bàtà lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mo gbé sìkútà dé Ẹgàn, mo gbé ẹsẹ̀ lásán lé irin, mo forí lé Ìgàndò. Níbẹ̀rẹ̀, ó tutù. Nígbà tó yá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tiẹ̀ dùn mọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbóná. Ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì yọ lọ́ọ̀ọ́kán tí mo fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Èmi gbé ẹsẹ̀ tèmi kúrò. Ẹsẹ̀ tiwọn ò sọ fún wọn pé ó yẹ kí wọ́n gbé e. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ti fi bàtà pa ara mi mọ́, mo wá fi ẹsẹ̀ wọn dán iná wò.

Mò ń lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ méjìméjì. Dókítà ti sọ pé tí egbò náà bá wọ eegun, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá Mojí ò gba oúnjẹ tí mo kọ́kọ́ gbé lọ, mi ò sì dá a lẹ́bi. Alàgbà ló ń tù mí nínú. Wọ́n ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ojú tì mí láti sọ fún yín pé n kì í mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó fúyẹ́, ńṣe ló tún wúwo sí i. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì, Ọlọ́run sì dá ìyókù sí.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Làmídì nílé wọn, níbi tí wọ́n ti ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé wọ́n máa fẹnu gé mi bíi tàtijọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n wá ní, "Torí tìẹ ni mo ṣe ní kóo wọ bàtà. N ò ní kóo fi bàtà dán ẹrù oníbàárà wò." Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ọgbọ́n tó pa mí mọ́ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi ṣe wèrè.

Láti ìgbà yẹn, bí ẹni tó ni nǹkan ṣe máa lò ó ni mo ṣe ń dán an wò. Obìnrin kan tó ń pọn ọmọ gbé kẹ̀kẹ́ wá, mo pọn àpò ìrẹsì kékeré sẹ́yìn bí ọmọ kí n tó gùn ún. Nígbà tí àwọn ará Ìdímù bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ láìwọ bàtà, wọ́n ní Ìyá Dàmọ́lá ti di aláṣọ funfun. Mo ní kí wọ́n máa wí.

Sìkútà Alàgbà wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti tú u, mo ti tún un tò. Mo gbé kọntúrólà lọ sẹ́yìn àga, níbi tí atẹ́gùn ń gbà, mo sì to pákó nípọn lé irin ìtẹ̀sẹ̀, mo tẹ́ rọ́bà lé pákó. Àmọ́ mi ò ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àwọn fúnra wọn ló wá, nínú sùtánà, pẹ̀lú ọ̀pá, pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Ìyá Mojí tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní ìjọ ṣì ń bá wọn tọ́jú agogo.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n ní, "Èmi ò lè mọ̀ tó bá gbóná. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi mọ̀ ọ́n."

Mo bọ́ bàtà mi níwájú àwọn méjèèjì. Mo lọ dé Ìgàndò, mo pa dà. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ìyá Mojí bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lé orí rọ́bà náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ gùn ún."

Títí dòní, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń gbé e wá. Màá bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, màá gùn ún lọ, màá gùn ún bọ̀. Alàgbà á ti dúró dè mí lórí ẹní tí mo tẹ́ fún ẹsẹ̀ wọn. Wọn kì í béèrè nǹkan kan nípa bátìrì tàbí ẹ́ńjìnnì. Ojú mi ni wọ́n máa ń wò.

Màá ní, "Ó tutù, sà."

Wọ́n á wá gbé ẹsẹ̀ lé e.