Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Fi Ara Wọn Bò Mí

Ọjọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Èmi àti Màmá Àgbà, ìyá ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Lanham, nílẹ̀ òkèèrè tí à ń gbé. Lójijì, ajá ńlá kan já ṣéènì, ó kù gìrì mọ́ mi. Màmá tì mí sórí koríko, wọ́n fi ara wọn bò mí. Ajá náà gé wọn jẹ lápá, síbẹ̀ wọn ò dìde títí olówó rẹ̀ fi dé.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sá?” Ẹkún ni mo fi bi wọ́n.

“Jésù ò sá fún ikú nítorí tèmi. Ṣé ajá ni n ó wá sá fún?”

Màmá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù nípa àgbélébùú, ṣùgbọ́n abẹ́ àyà wọn ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìfẹ́ Jésù.