Ihò Inú Pulánù Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Sópẹ́n, inú ilé la ti ń sin òkú àgbà. Ẹ má fojú burúkú wò mí, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Yàrá tí arúgbó ń sùn ni wọ́n ń gbẹ́ fún un, àwa ọmọ á sì máa ṣeré lórí rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Bàbá mi, olùkọ́ ni, wá fẹ́ kọ́ ilé olókè sórí ilẹ̀ tuntun. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó tẹ́ pulánù ilé náà sórí tábìlì. Ìpìlẹ̀ ló wà lójú ewé náà: ihò onígun mẹ́rin káàkiri, ilà méjì dábùú ara wọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àgbélébùú. Kò sí yàrá tí kò ní ihò. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, na ìka sí i.

"Kí rèyí?"

"Ihò tí a ó gbẹ́ ni, Ìye mi."

Ariwo tí màmá àgbà pa, ará ilé kejì sáré dé. "Nínú yàrá àwọn ọmọ náà? O ti ń gbẹ́ sàréè sílẹ̀ de ọmọ tí ò tíì mọ imú fọn!" Ó fà mí mọ́ra. Jìnnìjìnnì bò mí, mo sì ń fojú wá ihò tèmi.

Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ilé ni, pé òpó ni wọn ó rì síbẹ̀ kí òkè má baà wó lu ìsàlẹ̀, àmì òpó sì ni àgbélébùú yẹn. Màmá àgbà jókòó. Mo rò pé ó ti parí.

"Ti òpó ni gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, mà."

"Èwo wá ni tèmi?"

Bàbá mi mú pẹ́ńsù, ó ya ihò kan tí kò ní àgbélébùú sí yàrá màmá àgbà. Wọ́n kọ́ ilé náà, ibẹ̀ náà la sì tẹ́ màmá àgbà sí nígbà tó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè fi fóònù hàn mí bí òun ṣe máa tún ilé náà kọ́. Ó rẹwà, ó ń dán. Mo bi í pé kí ló wà níbi yàrá màmá àgbà.

"Ibi tí a ó máa gbé mọ́tò sí ni, mà."

Láyé ọjọ́sí, ihò òpó la rí tí a pè ní sàréè. Lónìí, sàréè gan-an wà nílẹ̀, ẹni tó ń yàwòrán kò rí i. Ó ń fi ìka yí ilé náà sọ́tùn-ún sósì, inú rẹ̀ ń dùn, èmi ò sì lè bi í pé èwo ni tèmi.