Onígẹdú Tó Fẹ́ Fi Tíìkì Gba Ilẹ̀ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iyara, ẹ̀yin ọmọ mi, ìrókò pọ̀ nínú igbó ìdílé wa débi pé oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ níbẹ̀. Onígẹdú kan wá bẹ bàbá mi pé kó ta igi kan fún òun. Bàbá mi gbà. Kò pẹ́, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde, ayùn ti jẹ igbó náà tán. Kùkùté nìkan ló kù.

Ọkùnrin yìí kò sá o. Ó padà wá, ó kó ọmọ igi tíìkì inú ọ̀rá dání, ó ní òun fẹ́ tún igbó gbìn. Àwọn ará ìlú ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: àlejò lè gbin iṣu sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́ jù ú lọ. Ẹni tó bá gbin igi lónìí, ọ̀la ni yóò ní òun ló ni ilẹ̀. Bàbá mi fa àdá yọ. Ìyá rẹ̀, màmá àgbà wa, dì í mú.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó làágùn dáadáa."

Ni màmá bá kó àwa ọmọdé lọ sídìí àwọn kùkùté. A gé etí wọn kó dán, a ro ìdí wọn, a fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí wọn ká nítorí ẹran. Nígbà tí òjò rọ̀, tí èéhù yọ, èyí tó lágbára jù lọ nìkan la fi sílẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò àtijọ́ ló ń bọ́ ọ, ẹ ò rí i bó ṣe ń ga! Ọdún ń gorí ọdún, tíìkì wà lábẹ́ òjìji, ewé wọn ń pọ́n, wọn ò lè nà.

Onígẹdú kó àwọn àgbà ìlú wá wo igi rẹ̀, kí wọ́n lè fún un ní ilẹ̀.

"Okun o, ìyá," ló fi kí màmá, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa.

Màmá nawọ́ sí àwọn ìrókò. Àwọn àgbà wòkè, wọ́n wolẹ̀.

"Ta ló gbin ìrókò wọ̀nyí?" ni àgbà kan bèèrè.

"Àwọn baba ọkọ mi ló bá gbòǹgbò wọn níbẹ̀," ni màmá wí. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà. "Olóore igbó, ó yá, hú tìrẹ."

Àwọn àgbà fara mọ́ ọn pé kò ní ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Lójú gbogbo wa ló bẹ̀rẹ̀, tó ń hú tíìkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ nàró, màmá á ní, "Ó kù lẹ́yìn rẹ." A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi.

Ayé ti yí. Lónìí, ẹ̀rọ ayùn ń ké láti Iyara dé Ponyan, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń díbọ́n pé òun yóò gbin nǹkan kan padà. Ọmọ onígẹdú náà wá bá mi lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ó fẹ́ ra ìrókò. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbàgbé, pé ọmọ ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbọ́. Mo fún un lómi mu, mo mú un dé ìdí igi, mo jẹ́ kó fọwọ́ bà á títí ojú rẹ̀ fi ń dán.

Ìgbà náà ni mo wá ní kó máa lọ.