Áàpù Tí Ọmọ Mi Fún Mi Ṣọ́

Ẹ̀yìn mi gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ lásán. Mo mọ ikọ́ ẹni tó ń yọjú wo nǹkan oníǹkan. Kafé kan nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú la wà, nítorí ìgbà yẹn, ta ló ní íńtánẹ́ẹ̀tì nílé? Ohun tó wà níwájú mi ni ojú ewé tí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan lókè òkun yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ṣe áàpù fún àwọn òǹtàjà rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ní áàpù kan níbẹ̀, tó ń bá òǹtàjà pàtẹ ọjà. Ilé ẹ̀kọ́ pólì rẹ̀ ti rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ní kí n máa bá òun yẹ ojú ewé náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; bí mo bá rí ìkìlọ̀ kankan, kí n pe òun. Kò ní kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣílẹ̀kùn fún áàpù náà hàn gbangba, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tún wúkọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, áàpù náà kú pátápátá lọ́wọ́ oníbàárà kan ṣoṣo tí ọmọ mi ní, obìnrin kan ní Ìgbògbò tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ará òkè òkun.

"Mọ́mì, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí?" ọmọ mi bi mí lórí fóònù.

"Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn mi."

"Ikọ́ kì í jalè, mà."

"Ẹni tó ń wú u ńkọ́?"

Ó ní láti wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, gba Agbòwá, kó tó dé Ìgbògbò lọ fi ọ̀rọ̀ tuntun sínú kọ̀ǹpútà obìnrin náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn fa àga sún mọ́ mi jù. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ wá sọ ọ́ pàtó: bó bá tún kú, òun yóò wá ẹlòmíràn.

Ọmọ mi kò bínú. Ó wálé, ó jókòó tì mí ní kafé, ó ṣí áàpù tuntun fún mi, ó ní òun ti kó ti àtijọ́ kúrò níbẹ̀.

"Èyí gan-an ló ṣe pàtàkì, mà. Bí ara bá fu yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Orí mi wú. Mo ṣọ́ ọ bí ìkókó. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí nítorí ikọ́, nítorí awò ojú dúdú, nítorí ọkùnrin kan tó kí mi dáadáa jù. Ẹnikẹ́ni ò ráhùn.

Àìráhùn yẹn ló yà mí lẹ́nu. Mo fara balẹ̀ ka ojú ewé náà láti òkè délẹ̀. Òǹkà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ iye ìgbà tí áàpù ti ṣiṣẹ́. Òdo ni. Ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́.

Mo pe ọmọ mi. "Mo tún ti pààrọ̀ rẹ̀ o. Wọ́n fẹ́ẹ́ jí i lónìí."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ gbà wá."

"Bí wọ́n bá jí i, kí ni wọn ó bá nínú rẹ̀?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín tó ń gbìyànjú láti gbé mì.

Mo ní dandan ni kí n máa rí áàpù ti gidi. Ó ní ojú ewé náà gba kéèyàn fi ẹlòmíràn síbẹ̀ láti máa wò, tí kò ní í rí bọ́tìnnì kankan tẹ̀. Mo gbà.

Òǹkà ti gidi kì í sinmi. Bí obìnrin onílẹ̀kẹ̀ ti ń pàtẹ ló ń lọ sókè. Lọ́jọ́ Sátidé kan, kò kúrò lójú kan títí di ọ̀sán. Mo wá nọ́ńbà obìnrin náà, mo pè é.

"Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ ò tíì pàtẹ ohunkóhun láti àárọ̀."

"Ta nìyí?"

"Ìyá ẹni tó ni áàpù."

"Ibi ìkómọ ni mo wà, mà."

"Kò burú. Ẹ jẹun, kẹ́ ẹ tètè máa bọ̀."

Ó pe ọmọ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun kò wá ẹlòmíràn mọ́. Ó ní ibo lòun fẹ́ sá gbà tí ìyá rẹ̀ kò ní í fi fóònù wá òun débẹ̀.