Àmì Tó Dà Bí Abẹ̀bẹ̀

Ìró fáànù kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì kúrò ní etí mi. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà, á kọ́kọ́ máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun òkè, á wá fara balẹ̀, àmì kékeré kan á sì yọ ní igun ìsàlẹ̀, ó dà bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí. Ẹ tẹ abẹ̀bẹ̀ yẹn, orúkọ gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ládùúgbò á tò sílẹ̀. Ẹ mú tiyín, ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta ọṣẹ àti mílíìkì pẹ̀lú ìyá wa níwájú ilé wa ní àdúgbò Mamobi, mọ̀ ọ́n lò láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Nígbà yẹn, mo ń kọ́ iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lapaz. JHS, ìyẹn girama kékeré, ni mo ka ìwé dé, bí mo bá sì wà láàárín àwọn tó kà jù mí lọ, ojú máa ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí Linux fi wọ̀ mí lára. Linux ni ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀gá wa máa ń fi sínú àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí agbára wọn ti dínkù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ṣí ojú ìwé dúdú kan, á kọ àṣẹ sí i, ẹ̀rọ á sì jẹ́ ẹ. Kí ni ọmọ tí kò parí ìwé tún ń wá ju ohun tí yóò máa jẹ́ àṣẹ rẹ̀ lọ? Àmọ́ ọ̀gá wa kò fẹ́ kí á máa tẹ àwòrán. Tó bá rí mi tí mo tẹ abẹ̀bẹ̀ yẹn, á pariwo kí gbogbo oníbàárà lè gbọ́:

"Chalé, ẹ wá wo Alata! Àwòrán ló ń tẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!"

Alata ni àwọn onílẹ̀ ń pe àwa Yorùbá tó wá ń gbé ní ilẹ̀ wọn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú ju èébú lọ, nítorí èmi ni mo gbé yẹ̀yẹ́ yẹn délé wá bá ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn óò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kò gba fóònù. Ọdún kẹta nìyẹn tó ti ń gbìyànjú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó kàn sọ fún mi pé bí iná bá lọ tó sì dé, abẹ̀bẹ̀ náà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń yẹ àwọn ètò tí ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, bí ìyàwó tó ń yan aṣọ. Ọ̀kan fúyẹ́ ṣùgbọ́n kò ní àwòrán rárá. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní lè lò ó, síbẹ̀ mo rò ó fún ọjọ́ méjì gbáko, kí ọ̀gá lè yìn mí. Òmíràn ní àwòrán, ó sì tún ń fi nọ́ńbà sọ bí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Èyí ni mo mú. Ta ló béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi? Èyí tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi ń wẹ̀. Mo fẹ́ kó jáde kó bá ohun tuntun. Irú ètò méjì bẹ́ẹ̀ kì í bára gbé nínú ẹ̀rọ kan, ìjà ni wọ́n máa ń jà, ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ lé ti àtijọ́ jáde. Mo kọ àṣẹ, abẹ̀bẹ̀ pòórá. Mo wá kọ àṣẹ kejì pé kí ẹ̀rọ lọ mú tuntun wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ọ̀nà. Ibo ni yóò ti rí i? Ohun tó ń bá a wá ọ̀nà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde yẹn. Mo ju okùn sínú kànga tán, mo wá ń wá okùn tí n óò fi fa okùn jáde. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Ọjọ́ náà ló tó yé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ìpara ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣé ó ti ṣe tán?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e dé Lapaz."

"Lapaz? Lónìí? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ máa múra, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ tó wé gèlè tán, mo ti dé."

Mo wọ trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tí ń kó èrò níbẹ̀, ọ̀nà dí pa. Nígbà tí ọ̀gá rí ohun tí mo ṣe, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. "Alata, ta ní ń ṣí páànù orí ilé kó tó ra tuntun?" Ó ní ètò tuntun náà lórí fíláàṣì rẹ̀, kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n aago mọ́kànlá ti kọjá kí n tó padà dé Mamobi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ funfun rẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Ó ti pe ilé ẹ̀kọ́ náà. Obìnrin tó gbé e ní gbogbo ẹni tó bá ti pẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Inú bí mi sí obìnrin yẹn gan-an. Kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀! Àmọ́ ká ní ó béèrè, kí ni mo fẹ́ sọ?

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," mo ní. "Ó ti kú káàkiri ìlú."

Ìyá wa ká ọwọ́ lérí. "Àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, Ọlọ́run ló máa bi wọ́n!" Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, ohùn mi sì ròkè ju tiwọn lọ.

Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tó ọdún kan. Oníbàárà kan wá ra ọṣẹ, ó ń ráhùn sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni ẹ̀gbọ́n mi bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ náà, pẹ̀lú èpè rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí oníbàárà náà ti lọ, mo jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí n tó ní òmíràn lọ́wọ́."

Kò wo ojú mi. Ó ń to ọṣẹ lọ, ọ̀kan lórí ọ̀kan.

"Ìyá wa ṣépè fún ẹni ẹlẹ́ni, ìwọ sì ṣe àmín sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta lò ń ṣe fáàrí fún gan-an?"

Nígbà tó to ọṣẹ tán, ó ní, "Lọ gbé kọ̀ǹpútà wá. Dá abẹ̀bẹ̀ mi padà."

Mo dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ gba ti àtijọ́ sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n tó yọ tuntun kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, tó kọ pásíwọ́ọ̀dù, tó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé mi sẹ́yìn nígbà tí mo fẹ́ bá a dá sí i.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Lapaz. Ọ̀gá ṣì ń fi àwọn tó ń tẹ àwòrán ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì ń bí mi, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ wá bá wa, abẹ̀bẹ̀ kékeré yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣí. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti tún ra fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un, aago mẹ́wàá. Lánàá, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìjà níbẹ̀ rárá.

"Àbúrò mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jọ̀wọ́, tètè lọ síbi iṣẹ́."

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn. Trotro àkọ́kọ́ ni n óò wọ̀.